Ìgò Ọjọ́ Ajé

Ìfẹ́ a máa rùn nígbà mìíràn, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni kì í tètè gbọ́ òórùn. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ ọ títí ó fi ku díẹ̀ kó wọlé ọkọ, bẹ́ẹ̀ imú rẹ̀ mú débi pé ó lè dúró ní ìta kó sọ fún ọ pé ẹja inú ilé ti bàjẹ́.

Orúkọ tí wọ́n fún un nílé-ìwé ni Abẹ́rẹ́, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń gún èèyàn. Nígbà tó dàgbà, abẹ́rẹ́ ló wá fi ń jẹun lóòótọ́, nítorí aṣọ ojú fèrèsé ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lókè ilé ìfọṣọ kan, ooru ọṣẹ sì máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ wọlé bá wọn. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.

“Èwo ló ṣáájú?”

“Fífọ̀ ni, Àǹtí!”

“Ẹni tó bá gé e kó tó fọ̀ ọ́ ńkọ́?”

“Á rí ṣòkòtò lójú fèrèsé!”

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ló gé aṣọ tuntun fún oníbàárà kan láì kọ́kọ́ rì í bọmi. Ọjọ́ tí obìnrin náà fọ̀ ọ́, aṣọ ọ̀hún sún kì, ó dúró ní agbedeméjì fèrèsé bíi ṣòkòtò ọmọ tó ti dàgbà jù ú lọ, àwọn ará àdúgbò sì ń wo ìyá oníyàá nínú yàrá. Láti ìgbà náà ni Abẹ́rẹ́ ti ń bi ara rẹ̀ nípa ohun gbogbo pé èwo ló ṣáájú. Ohun gbogbo, àfi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ṣùgà wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń wá aṣọ tí oòrùn kò ní lè gbà kọjá. Apoògùn ni. Ẹ̀wù rẹ̀ funfun, èékánná rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n nílé-ìwé.

“Abẹ́rẹ́! Àbí ojú mi ni?”

“Ṣùgà! O ò tíì yọ́ látọjọ́ yìí?”

“Ẹni tó máa rò mí pọ̀ mọ́ tíì ni mò ń wá.”

Ẹ̀rín pa Abẹ́rẹ́, ó ku díẹ̀ kó gbé pín-ìnnì tó há sẹ́nu mì. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Ṣùgà ti pa dà wá wo bí aṣọ náà ṣe ń lọ. Ó tún wá. Ó tún wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní tó bá jẹ́ pé wíwò ló ń mú aṣọ gùn, aṣọ náà ì bá ti dé ọ̀run.

Màmá Abẹ́rẹ́ gbọ́, ó fò sókè. Ọjọ́ ti ń lọ lórí ọmọ rẹ̀, àwọn àbúrò ti wọlé ọkọ, àwọn ọ̀rẹ́ ti bí ìbejì. “Apoògùn!” ni Màmá ń wí. “Ọmọ yìí, má jẹ́ kí eléyìí bọ́ o. Tó bá bọ́, èmi ò mọ ibi tí wàá ti rí òmíràn.” Abẹ́rẹ́ náà mọ̀. Ó fẹ́ ilé tirẹ̀, ó fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a rẹ́rìn-ín lálẹ́, ó sì rò pé ó ti rí i.

Ìtàn àtijọ́ kan ló mú kí ọ̀rọ̀ wọn tètè wọ̀. Ní ọdún ìkẹyìn wọn nílé-ìwé, omi táńkì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń mu bàjẹ́. Irun ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rò pé irun àwọn tó ń fọrí ni. Kò pẹ́ tí inú fi ń run gbogbo ilé àwọn obìnrin, èébì lọ́tùn-ún, ìgbẹ́ gbuuru lósì. Nígbà tí wọ́n gun orí táńkì, òkú ajá ni wọ́n fi okùn fà jáde. Ó ti wú, awọ rẹ̀ ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu láàárọ̀. Títí dòní, bí Abẹ́rẹ́ bá rí omi tó dúró nínú ike, itọ́ á kún ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun kò ṣàìsàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ṣùgà ń yọ́ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù wá fún un, á sì dúró tì í títí yóò fi mu ún tán. “Má mu omi yẹn o. Tèmi ni kó o mu.” Bí Abẹ́rẹ́ ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn nìyí: omi bàjẹ́, gbogbo ayé ń bì, Ṣùgà wá gbé ìgò wá gbà á là. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló ń fọwọ́ lé àyà.

Ẹni tí kò rẹ́ni gbé ìgò wá fún un ni Olóhùn Iyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sùn ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì tí wọ́n jọ ń lò. Ọmọ náà ń kọrin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń kọ ọ́ dé ilé ìwẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò sì pa dà wá mọ́.

Wọ́n sì rí ẹni tó ṣe é, tàbí wọ́n ní àwọn rí i. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàtà Ńlá, torí bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wọ̀, á máa dún gbì, gbì, bó bá ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìdérí táńkì wà, òun ni wọ́n yàn láti máa fọ̀ ọ́. Ohun tó sọ ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ níta. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé wọ́n ti lé e. Bó ṣe ń gbé àpótí rẹ̀ kọjá níwájú ilé àwọn obìnrin, Abẹ́rẹ́ tutọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Bàtà Ńlá wá sílé àwọn Abẹ́rẹ́. Màmá ló bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ń fọ ilẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.”

“Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà ni gbogbo ọkùnrin máa ń sọ! Ọmọ mi ò fẹ́ apààyàn. Kúrò níbí!”

Màmá gbé korobá, ó da omi ìdọ̀tí tó fi fọ ilẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Abẹ́rẹ́ ń wò ó láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé. Ọkùnrin náà bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó da omi inú rẹ̀ nù, ó wọ̀ ọ́ pa dà, ó sì ń lọ láìwẹ̀yìn. Ìyá àti ọmọ fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ojú tí Abẹ́rẹ́ fi ń wo aáyán ló fi wò ó títí ó fi yà ní ìkòríta.

Bàbá Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò sáré sí ọ̀rọ̀ Ṣùgà. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wo bóyá ọkọ̀ méjì ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà kì í kánjú.

“Ọmọ mi, ṣé ọkùnrin yìí lo fẹ́ràn, àbí ìtàn rẹ̀?”

“Ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni, Bàbá?”

“Èmi ló yẹ kó o dá lóhùn,” ni Bàbá wí, ó sì pa dà sídìí rédíò rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni ìdílé méjèèjì pàdé nínú pálọ̀ Bàbá. Ẹni tó ṣe alárinà ni Gọgọrọ, ọ̀rẹ́ Ṣùgà láti ilé-ìwé, tó ti di oníṣòwò mọ́tò. Ó ga débi pé wọ́n ní kó jókòó kí fáànù má baà gé e lórí. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ó ṣe rí i pé Bàbá ṣì fajú ro, ó nàró lórí àga bí agbẹjọ́rò.

“Bàbá, ẹ má ṣiyèméjì rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ yìí ṣe fún yín. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé omi yẹn bàjẹ́, ó ti ń gbé mínírà lọ fún un! Láti ọjọ́ Ajé! Ọjọ́bọ̀ ni àwọn yòókù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ta ló sọ fún un? Ìfẹ́ ni, Bàbá! Ọkàn rẹ̀ ló gbọ́!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màmá fi etí aṣọ nu ojú. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Abẹ́rẹ́ ń wo abẹ́ tábìlì ní tirẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ bọ́ sí. Bàtà dúdú Ṣùgà, tó ń dán, tẹ ẹsẹ̀ Gọgọrọ mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an, kò sì gbé e kúrò.

“Ọjọ́ Ajé?” ni Abẹ́rẹ́ béèrè.

“Ọjọ́ Ajé gan-an! Èmi ni mo bá a...” Gọgọrọ wo Ṣùgà. “Ó ti pẹ́ o. Ta ló tún mọ ọjọ́?”

Èwo ló ṣáájú?

Abẹ́rẹ́ rí ọjọ́ náà kedere. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgò tútù lọ́wọ́, Ṣùgà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olóhùn Iyọ̀ kọrin dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní, “Abẹ́rẹ́, fún mi ní ẹ̀kán kan, òùngbẹ ń gbẹ mí.” Ṣùgà sì ní, “Rárá o, Abẹ́rẹ́ nìkan ni mo rà á fún.” Orí Abẹ́rẹ́ wú lọ́jọ́ yẹn! Olóhùn Iyọ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó bu omi sọ́wọ́, ó mu ún, ó nu ẹnu, ó sì ń kọrin lọ. Ó ń kọrin. Ara rẹ̀ le koko, ara gbogbo wọn le. Ìgò ló ṣáájú àìsàn.

Abẹ́rẹ́ dìde, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Inú ilé ìwẹ̀ ló ti bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú rẹ̀ bí kò ṣe omi kíkorò. Màmá kan ilẹ̀kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

“Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti fi ìkánjú lá ọbẹ̀ ná?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bì.”

Ní ọjọ́ kejì ó lọ sọ́dọ̀ Bàtà Ńlá. Gbogbo ìlú ló mọ ibi tó ti ń tún fíríìjì ṣe, nínú gáréèjì kan lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Òórùn ẹran jíjẹrà ló pàdé Abẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó ti orí bọ inú fíríìjì kan, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a mu wẹ́kú.

Ó yọ orí, ó rí i, kò sì rẹ́rìn-ín. “Onífíríìjì ló rìnrìn-àjò, iná lọ, ẹran sì jẹrà síbẹ̀. Bí o kò bá lè gba òórùn, dúró síta.”

“Àtàná ni mo ti ń gbọ́ òórùn. Ta ló gba kọ́kọ́rọ́ táńkì lọ́wọ́ rẹ?”

Kànìnkànìn dúró. “Ó pẹ́ kó o tó béèrè.”

“Mo mọ̀.”

“Ṣùgà àti Gọgọrọ ni. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù àwọn bọ́ sórí táńkì. Wọn ò tíì kàwé ìdánwò rárá, wọ́n fẹ́ kí wọ́n ti ilé-ìwé pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Eré ni wọ́n pè é. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá, mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Bàbá Ṣùgà ló kọ́ ilé ìkàwé tuntun fún wọn, bàbá tèmi kò rí bàtà rà fún mi. Ta ni wọ́n fẹ́ gbà gbọ́?”

Abẹ́rẹ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. “Nígbà tó o wá sílé wa, Màmá ní o wá fẹ́ mi ni.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn ún gbọ́. “Fẹ́ ọ? Abẹ́rẹ́, nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ lo kó mi nírìíra jù.”

“Àwa mẹ́ta?”

“Gbogbo yàrá yín ló dùbúlẹ̀ àìsàn, àfi ìwọ. Mo rí ọ lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ara rẹ ń dán, o tutọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Mo fẹ́ràn rẹ nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo ní, ó mọ̀, ó sì tún ń tutọ́. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá sílé yín. Mo fẹ́ bi ọ́ pé kí ló dé tó ò fi sọ fún Olóhùn Iyọ̀.”

Abẹ́rẹ́ kò mọ ìgbà tó jókòó sórí ilẹ̀ tó kún fún omi ìdọ̀tí. Ó sọ ọ̀rọ̀ ìgò náà fún un, ó sọ ti àtẹ̀gùn, ó sọ ti ẹ̀kán kan tí ọmọ yẹn tọrọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ń rí òun fúnra rẹ̀ lára. Aṣọ ìfẹ́ tó ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí, ara òkú ni wọ́n ti bọ́ ọ.

“Mi ò mọ̀,” ló wí níkẹyìn. “Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀. Àmọ́ mi ò béèrè, bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti máa béèrè.”

Bàtà Ńlá ju aṣọ gbígbẹ kan sí i kó fi nu ọwọ́.

Ilé tuntun tí Ṣùgà kọ́ ni òun àti Abẹ́rẹ́ ti tún pàdé. Abẹ́rẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ gbogbo fèrèsé ibẹ̀, ó ti fi wọ́n kọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgà jáde láti ilé ìdáná, ó gbé ìgò tútù kan dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Àṣà rẹ̀ nìyẹn, ìgò ló fi ń kí i. Abẹ́rẹ́ wo ìgò náà bó ṣe ń làágùn lọ́wọ́ rẹ̀, itọ́ kún ẹnu rẹ̀.

“Ṣé ìwọ lo ju ajá yẹn sínú omi?”

Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kọ́kọ́ dúró, ó wá yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ìgò sílẹ̀.

“Ta lo lọ bá? Abẹ́rẹ́, ọmọdé ni wá. A rò pé wọ́n máa tètè rí i, kí wọ́n lé wa sílé fún ọjọ́ díẹ̀. Ta ló mọ̀ pé ẹnì kan máa kú?”

“O mọ̀ pé kò yẹ kí n mu ún.”

“Torí mo fẹ́ràn rẹ ni! O ò rí i ni? Nínú gbogbo èèyàn ilé-ìwé yẹn, ìwọ nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀. Obìnrin mélòó ni wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀?”

“Olóhùn Iyọ̀ ní kí n fún òun ní ẹ̀kán kan. O ní rárá.”

“Mi ò nífẹ̀ẹ́ Olóhùn Iyọ̀,” ni Ṣùgà wí.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Ẹnu yẹn náà ló fi ń kò ó lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀, ó nu ún, ó tún nu ún, bíi pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Ó ti rò pé òun yóò sunkún, ṣùgbọ́n ìríra kò jẹ́ kí omijé ráyè.

Ó gun àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn aṣọ náà sílẹ̀. Ṣùgà ń tẹ̀ lé e láti yàrá dé yàrá.

“Kí lò ń ṣe yìí? Abẹ́rẹ́! Gbogbo ìlú ti gbọ́ pé a fẹ́ ṣègbéyàwó. Ta lo rò pé ó máa fẹ́ ọ báyìí? Ohun tó ti kọjá ti kọjá, mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá!”

“Òótọ́ ni. Ẹni ṣu ló ń gbàgbé.”

Ó yọ òrùka tí Ṣùgà fún un, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò náà. Nígbà tó jáde, oòrùn ti wọ gbogbo ilé yẹn, kò sì sí ibi tí Ṣùgà lè sá sí nínú rẹ̀ tí àwọn ará ìta kò ní rí i.

Màmá ké, ó fi orí gbá ògiri, ó ní ayé ti bá òun jẹ́. Abẹ́rẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún un. Màmá rántí korobá kan. Ó jókòó síbi tó wà, ó sì ní kí ọmọ òun bá òun sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé òun kò mọ̀. Abẹ́rẹ́ ní kí Màmá fúnra rẹ̀ lọ sọ ọ́. Bàbá pa rédíò.

“Ṣé ìtàn yẹn ti tán, ọmọ mi?”

“Ó ku ẹnì kan tí mi ò tíì sọ ọ́ fún, Bàbá.”

Mọ́tò akẹ́rù tí Bàtà Ńlá fi ń gbé fíríìjì ni òun àti Abẹ́rẹ́ wọ̀ lọ sílé àwọn Olóhùn Iyọ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé náà, Bàtà Ńlá pa ẹ́ńjìnnì, kò sì tíì ṣílẹ̀kùn.

“Mi ò sọ pé mo ti dárí jì ọ́ o.”

“Mi ò tíì bẹ̀ ọ́ tó.”

“Màá bá ọ wọlé. Kó o má baà dá a sọ.”

Màmá Olóhùn Iyọ̀ ti di arúgbó, kò kọ́kọ́ dá wọn mọ̀. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ sọ pé orí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè ti ọmọ rẹ̀ ni òun ń sùn, obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. “Ẹ wá! Kò sí ẹnì kan nínú yín tó wá wò mí rí. Ẹ jókòó, ẹ jókòó síbi tí màá ti máa rí yín.” Àwòrán ọmọ rẹ̀ wà lára ògiri lókè àga, ó la ẹnu, ó ń kọrin lọ́wọ́.

“Kí lẹ máa mu?” ni ìyá béèrè, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. “Mo ní mínírà tútù nínú fíríìjì. Àbí omi ẹ̀rọ lásán lẹ fẹ́?”

Bàtà Ńlá yíjú sí Abẹ́rẹ́.

“Omi ni, mà,” ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ìyá bu ú wá nínú ife onígíláàsì. Abẹ́rẹ́ gbé e sókè, ó sì mu ún, ó mu ún dé ìsàlẹ̀ lábẹ́ àwòrán náà. Ó gbé ife kalẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

“Mà, ọjọ́ Ajé kan wà tí òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yín.”